Ẹni tí Bàbá Ń Yà fún

Má-ṣubú ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́. Kì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Àwọn arúgbó tó ń wá síbẹ̀ ló fún un lórúkọ, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti dìde pé òun ń lọ, yóò sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ rọra o, ẹ má ṣubú o." Ìyá arúgbó kan tí ẹnu rẹ̀ mú sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ọmọ yìí, bí ilẹ̀ ò bá bì mí ṣubú, ariwo tìẹ á bì mí ṣubú." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni, inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n ń wádìí ohun tó ń mú àgbàlagbà ṣubú, àti ohun tí a lè ṣe tí wọn ò fi ní máa ṣubú. Ọ̀nà ìrìn gígùn kan wà láàárín yàrá ńlá, ẹ̀rọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi bẹ́líìtì gba arúgbó láyà àti nítan, wọ́n á so ó mọ́ okùn tó rọ̀ láti òkè àjà, wọ́n á ní kó máa rìn lọ jẹ́jẹ́. Kó tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ á yọ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, okùn á sì gbà á mú. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n á ké, òmíràn á tilẹ̀ ṣépè. Tó bá fi máa di ìgbà kẹwàá, ẹsẹ̀ á ti gbọ́n, á ti sáré yọ síwájú kí orí tó mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń rìn. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Ẹni tó bá ní láti dúró kó tó lè dáhùn ìbéèrè, ẹni náà ni wọ́n máa ń fi ojú sí lára jù, torí pé bó pẹ́ bó yá, ilẹ̀ ń dúró dè é. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣubú nílé, Má-ṣubú ló máa ń lọ bá a jókòó. Kì í béèrè ìdí. Bí o bá bi àgbà léèrè ìdí tó fi ṣubú, irọ́ ni yóò pa fún ọ, yóò ní bàtà ni, yóò ní iná ló lọ. Ohun tó máa ń béèrè ni pé, "Kí lẹ ń ṣe gẹ́lẹ́ ṣáájú kí ẹ tó ṣubú?" Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn yẹn ni Má-ṣubú máa ń fẹ́ gbọ́. Ó ti bi ogóje ènìyàn ní ìbéèrè yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì bi, inú ilé kan náà ni òun àti ẹni náà sì jọ ń gbé.

Bàbá rẹ̀ ni. Bíríkìlà ni Bàbá nígbà tí agbára ṣì wà. Ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí pákó kan ṣoṣo lókè ilé alájà mẹ́rin, tó ń ru sìmẹ́ǹtì, tó ń kọrin, tí kò sì ṣi ẹsẹ̀ gbé rí! Òun náà ló wá ń ṣubú báyìí lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Ayé mà le o.

Ilẹ̀ tó kọ́ ilé náà lé kò fẹ̀, nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ láti pálọ̀ sí yàrá ìbùsùn tín-ín-rín. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ wà ní ògiri kan, fèrèsé kékeré méjì wà lókè ògiri kejì. Bí ènìyàn méjì bá pàdé níbẹ̀, àfi kí ẹnì kan fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ẹnì kejì tó ráyè kọjá. Nígbà tí orúnkún Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ògiri fèrèsé ló máa ń fọwọ́ tẹ̀ lé lọ, tó máa ń fọwọ́ tẹ̀ lé bọ̀. Bí Bàbá bá pàdé rẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti ògiri balùwẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí ó má bàa gbá a lẹ́sẹ̀, á sì lọgun pé, "Ìyàwó ń kọjá o! Ẹ yà lọ́nà!" Ìyá á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, kí n má lọ ṣubú síbí." Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Ìyá ṣubú ní tòótọ́. Òwúrọ̀ ni. Má-ṣubú ti fi omi ọṣẹ nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó múra iṣẹ́, ó ń wọ bàtà lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà ìta nígbà tó gbọ́ gbì! Nígbà tó fi máa sáré dé ibẹ̀, Ìyá ti wà nílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá dúró ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀.

"Omi ni," Bàbá wí. "Omi ló wà nílẹ̀."

Egungun ìbàdí Ìyá ló kán. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní ọsibítù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Má-ṣubú kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí Ìyá forí ji òun, òun ló da omi sílẹ̀. Ìyá wo Bàbá tó jókòó sí òdì kejì, ó wò ó pẹ́, kó tó sọ pé, "Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ, ọmọ mi." Ọmọ rò pé àánú abiyamọ ló ń sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ìyá dákẹ́.

Láti ìgbà náà, Má-ṣubú kò fi omi nu ilẹ̀ mọ́, àfi àkísà gbígbẹ. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀nba, ó wá gbé e lé orí bí ẹrù. Kì í gba ìsinmi, kì í gbàgbé ẹnì kan, ó mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo arúgbó àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ń yìn ín. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù máa ń sọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ohun tó fẹ́ fà yọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, ọ̀rọ̀ náà ni pé òun ló pa ìyá òun. Ó gbà bẹ́ẹ̀, ó ń jí sí i, ó ń sùn sí i. Òun àti Bàbá sì ń gbé pọ̀ nínú ilé yẹn, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tó wá di ọdún yìí, Bàbá ṣubú. Ojú rẹ̀ bó. Lẹ́yìn oṣù méjì ó tún ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú. Ojú kan náà ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níwájú ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ọ̀sán gangan ni ìgbà méjèèjì, ilẹ̀ sì gbẹ. Má-ṣubú kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo ilẹ̀ náà, kò rí ẹ̀kán omi kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ àjàgbé, kò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Gbogbo ọjọ́bọ̀, bó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, ó máa ń pè láti béèrè Bàbá. "Àbúrò," ló wí, "ìwọ tí ayé ń pè ní Má-ṣubú, tìrẹ ló wá ń fi imú gbálẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín o. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo máa wá gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, yàrá wà nílẹ̀."

Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù láti orí àga. "Mi ò lọ ibì kankan," ló wí. "Bí mo bá lọ, ta ni á máa yà fún un?"

Má-ṣubú rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tó ti ń gbàgbé nǹkan ni. Ó pe àwọn oníṣẹ́ irin, wọ́n wá de irin ìdìmú mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òpin dé òpin. Ògiri fèrèsé ló ní kí wọ́n dè é mọ́, nítorí pé kò sí ilẹ̀kùn tó gé e láàárín. Bí wọ́n ti kọ́ wọn níbi iṣẹ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá kò fọwọ́ kan irin náà lẹ́ẹ̀kan. Ògiri balùwẹ̀ ló ń bá rìn.

"Bàbá, ẹ di irin mú. Torí yín la ṣe ṣe é."

"Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ nìyẹn," Bàbá dáhùn. "Ẹ kàn lọ fi irin dínà mọ́ ọn."

Má-ṣubú fọwọ́ kan irin náà, ó sì yára yọ ọwọ́ kúrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń ṣọ́ ọ. Bàbá ń bọ̀ láti yàrá, ìrìn rẹ̀ sì dára, kò sí dókítà tí yóò rí i tí yóò ní nǹkan ṣe é. Bó ti kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó dúró. Ó yí padà, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Máa rọra kọjá." Ojú rẹ̀ tẹ̀ lé nǹkan kan, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tó fi dúró bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó mì síwá, ó mì sẹ́yìn, Má-ṣubú ti fẹ́ fò jáde kí ó tó fi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀ padà. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ń lọ sí pálọ̀.

Ohun tí oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ máa ṣe náà ló ṣe. Ẹlòmíràn á pe alàgbà kó wá gbàdúrà. Òun lọ yá ẹní tó ń ka ìgbésẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ẹní náà, ó rí pẹlẹbẹ, bí ènìyàn bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò kọ ibi tí ẹsẹ̀ bà sí, yóò kọ bó ti wúwo tó. Ẹlẹ́rọ tó ń bójú tó irinṣẹ́ wọn bá a tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó ká a, kí wọ́n tó lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà.

Ẹsẹ̀ Bàbá nìyí, ó ṣe kedere. Ó rìn dé iwájú balùwẹ̀, ó kọjú sí ògiri fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án, ó tún ń rìn lọ. Ẹ̀ẹ̀mejìlélógún láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

"Kí lèyí?" Má-ṣubú nàka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri fèrèsé. Àmì kéékèèké tò síbẹ̀, wọ́n rí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́.

"Àṣìṣe ẹ̀rọ ni," Ẹlẹ́rọ wí. "Ẹní yẹn ti gbó. Oòrùn lásán tó gba ojú fèrèsé wọlé lè tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé oòrùn máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì ni?"

Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín. Ó wá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi òṣùwọ̀n wọn àyè tó wà láàárín àmì kan sí èkejì. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógójì, gbogbo wọn. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ yìí, ìyá rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà kó wọn ìgbésẹ̀ òun. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ó lọ fà á jáde, ó kà á ní ìdúró. Ìgbésẹ̀ kúkúrú, mọ́kànlélógójì. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́lẹ̀.

"Ọ̀pọ̀ obìnrin arúgbó ló ń rìn bẹ́ẹ̀," Ẹlẹ́rọ wí lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ ó yára pa kọ̀ǹpútà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Má-ṣubú fẹ́ kọjá sí yàrá rẹ̀, ó sì rí i pé òun náà ń bá ògiri balùwẹ̀ rìn bíi ti Bàbá. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fẹ́ kí ohun tó ń kọjá níbẹ̀ lọ; bó bá jẹ́ Ìyá ni lóòótọ́, ó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá a sọ. Ó dúró níbẹ̀, ó sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí omi yẹn." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá ló wúkọ́ láti inú yàrá.

Ó wọlé lọ bá a. "Bàbá, ta lẹ ń yà fún?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Ìyá ti kú, Bàbá."

"Èmi tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i ni o fẹ́ sọ fún?"

Ohun kan ṣoṣo tí Má-ṣubú mọ̀ ọ́n ṣe láyé ló wá sí i lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi iṣẹ́ mi lọ́jọ́bọ̀. Ẹ ó wọ bẹ́líìtì, ẹ ó rìn, a ó kọ́ ẹsẹ̀ yín bó ṣe máa gbà yín. Bẹ́ ẹ bá tún ṣubú, ẹ̀gbọ́n mi máa gbé yín lọ, mi ò sì lè dá a dúró."

Ó rò pé wọn ó jọ fà á títí ni. Bàbá kàn mi orí. "Ó yẹ ká lọ," ló wí.

Ní ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí Ẹlẹ́rọ de Bàbá ní bẹ́líìtì tán. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, okùn yìí lè gbé màlúù."

"Màlúù ò nílò rẹ̀," Bàbá wí, "ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní."

Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín jáde lọ jẹun. Ó wá ku ọmọ lẹ́yìn gíláàsì, bàbá lórí ọ̀nà ìrìn. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ìgbà tí ilẹ̀ máa yọ, ẹni tó ń rìn kì í mọ̀. Lórí tábìlì Má-ṣubú, iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan máa ń tàn ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ṣáájú. Bọ́tìnnì ńlá kan wà lábẹ́ iná náà tó lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Òfin ibẹ̀ sì ni pé bí ara ẹni tó ń rìn bá yí padà, tàbí tó bá ń sunkún, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì náà lójú ẹsẹ̀.

Bàbá rìn lọ, ó rìn bọ̀. Nígbà kẹta, ilẹ̀ yọ, ẹsẹ̀ bíríkìlà sì fò síwájú, ó dúró ṣinṣin. "Ẹ̀n-ẹ́n!" Bàbá wí, inú rẹ̀ dùn. Má-ṣubú pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn gíláàsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

"Ó kù kí ẹ máa sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ti ń rìn," ló wí sínú gbohùngbohùn. "Ẹ má dúró o. Ẹ dárúkọ ẹranko tẹ́ ẹ bá mọ̀."

"Kí ló kàn mí kan ẹranko? Bíríkìlà ni mí."

"Ó dáa, ẹ sọ ti ìgbà tẹ́ ẹ ṣubú kẹ́yìn." Ìbéèrè tó ti mọ́ ọn lẹ́nu sì jáde fúnra rẹ̀. "Kí lẹ ń ṣe gẹ́lẹ́ ṣáájú?"

Bàbá ń rìn lọ. "Mò ń yà fún ìyá rẹ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń yà fún un?"

"Torí pé lọ́jọ́ yẹn, mi ò yà."

Má-ṣubú fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú. Bàbá kò dúró. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, àfi kó kọ́kọ́ dúró kó tó lè fèsì. Lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ geerege, ó dé òpin, ó yí padà, ó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ sì ń jáde.

"Fìlà ni a jà lé lórí, fìlà lásán. Mi ò rí i, mo ní òun ló gbé e pamọ́. Mo wẹ̀ tán, mo ń jáde nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ó ń bọ̀ létí ògiri. Ó ní kí n yà fún òun. Mo ní òun ni kó yà fún mi, lẹ́ẹ̀kan péré láyé rẹ̀. Mo fi èjìká gbá a kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri."

Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wá sí irùngbọ̀n, kò nù ún.

"Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo rí i pé ó ń lọ. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, mo ní àsìkò. Ọkàn mi ní, jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára. Mi ò na ọwọ́."

"Omi ńkọ́, Bàbá?" Ohùn Má-ṣubú kò ju ti ọmọdé lọ.

"Èyí tí o fi nulẹ̀ ti gbẹ. Omi tí o rí, ara mi ló ti kán sílẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo rí ojú rẹ bó o ṣe ń wo omi náà, mo sì sọ pé omi ni."

Iná tàn lórí tábìlì.

Má-ṣubú rí i. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ó rí i dáadáa. Ó rí arúgbó tó ń sunkún lórí ilẹ̀ tó fẹ́ yọ, ó rí bọ́tìnnì, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì náà, kò jìnnà tó ìka kan. Ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọdún mẹ́ta ni ó kó wọ inú rẹ̀. Ó wu ọkàn rẹ̀ kí Bàbá ṣubú. Ọwọ́ náà kò gbéra.

Ilẹ̀ yọ. Ẹsẹ̀ Bàbá kò fò síwájú lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ara rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Okùn gbà á ní gbàù, ó ń fì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan fò lọ. Nígbà tí fífì náà dáwọ́ dúró, ó gbójú sókè wo gíláàsì.

"Ṣé o mọ̀ pé ó ń bọ̀?"

"Mo mọ̀."

Bàbá mi orí.

Má-ṣubú sáré jáde lẹ́yìn gíláàsì, ó dúró lé e lórí. "Ọdún mẹ́ta, Bàbá! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pe ara mi ní apànìyàn! Mò ń kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí! Ṣé ẹ ò gbọ́ ẹkún mi ni?"

"Mò ń gbọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Mo máa ń ní, lọ́la ni n ó sọ."

"Ẹ ṣe mí níkà! Bàbá, ẹ ṣe mí níkà!"

"Mo ṣe ọ́ níkà," Bàbá wí.

Fóònù rẹ̀ dún lápò. Aago méjìlá ti lù. Ẹ̀gbọ́n ni. Bó ti gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ sí gbangba láìmọ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

"Àbúrò, báwo ni? Bàbá ńkọ́? Wọn ò ṣubú lọ́sẹ̀ yìí, àbí?"

Bàbá ń wò ó látinú okùn. Ó mọ ohun tí gbólóhùn kan máa ṣe. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àjàgbé á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò bẹ̀ ẹ́, kò ṣẹ́ ojú sí i. Má-ṣubú náà mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ sọ ọ́, inú ń bí i gan-an, ó ń sáré kó má bàa yí ọkàn padà.

"Wọ́n ṣubú," ló wí.

"Háà! Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́? Níbo? Ṣé wọ́n fara pa?"

"Níbi iṣẹ́ mi. Okùn ló gbà wọ́n."

"Níbi iṣẹ́ rẹ kẹ̀? Ibi tó kún fún ẹ̀rọ yẹn? Níbo lo wà?"

"Mo wà níbẹ̀." Ẹnu rẹ̀ ń sáré lọ, kò lè dì í mú mọ́. "Mo rí i pé wọ́n ń lọ. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo ní àsìkò. Mi ò..."

Ó gbọ́ ohun tó ń tẹnu ara rẹ̀ jáde.

Bàbá bú sẹ́kún. Kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ìyá, ẹkún náà ń mi okùn. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, ọmọ mi," ló ń wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ náà ló rí."

"Ṣé Bàbá nìyẹn? Kí ni wọ́n ń wí? Àbúrò? Hẹlóò?"

Má-ṣubú fi fóònù sílẹ̀ lórí ọ̀nà ìrìn. Ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ tú bẹ́líìtì àyà Bàbá, ìka rẹ̀ kò rí i tú, ó sì kúkú fi apá méjèèjì gbá bàbá rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀, tòun ti okùn. Ẹkún ń gbọn àwọn méjèèjì. Lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń béèrè pé ta ló ṣubú.